Kí Ni Ẹgbẹ́ Lè Ṣe fún Ẹni Tó Ń Gbààwẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìrólú)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti tú ká. A dúpẹ́ pé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ran àwọn Mùsùlùmí àárín wa lọ́wọ́ nígbà Ràmàdáànì, nínú ẹgbẹ́ àti lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan lè ní, ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń bá Mùsùlùmí gbé ni? Òótọ́ ni. Ní Rẹ́mọ níbí, inú agbo ilé kan náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ́ Ràsákì tí àbúrò ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Bí Iléyá bá dé, a jọ jẹ ẹran. Bí Kérésì bá dé, a jọ jẹ ìrẹsì. Àjọjẹ kò nira fún wa. Ṣùgbọ́n Ràmàdáànì kì í ṣe ọjọ́ kan tí a ń jẹun. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ni tí ẹnì kan ń fi ebi àti òǹgbẹ sin Ọlọ́run, ibẹ̀ gan-an la sì ti máa ń gbàgbé ọmọnìkejì wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan péré. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ á jí lóru kó lè jẹ sààrì. Kó tó di aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó ti pa ẹnu mọ́. Omi kò tún ní kàn án lẹ́nu títí oòrùn yóò fi wọ̀, nítòsí aago méje alẹ́. Wákàtí mẹ́tàlá nìyẹn, nínú ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìṣínu, ìrun àṣámù tún ń dúró dè é. Ẹni yìí kan náà ni bíríkìlà tó wà lórí àkàbà, olùkọ́ tó dúró níwájú ọmọ, nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù, àti ìyá tó ń yan gàrí nídìí iná.

Bí ẹ bá jọ ń ṣiṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ rẹ kò ju kí ẹ gbé iṣẹ́ tó wúwo sí òwúrọ̀, nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Bó bá di àṣálẹ́, bá a dúró nídìí iṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kó lè ṣínu, kó sì kírun Mọ́gàríbì. Òun náà yóò bá ọ dúró lọ́jọ́ Kérésì àti lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Jigawa a máa dín wákàtí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù nínú oṣù ààwẹ̀. Àwa kò ní láti dúró de òfin ìjọba kí a tó gba tẹnìkejì rò.

Àwa tí a múlé gbe Ìkẹ́nnẹ́, tí Remo Stars ti gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní 2025, a mọ bọ́ọ̀lù dáadáa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2021, Leicester ń bá Crystal Palace gbá bọ́ọ̀lù ní England. Bí oòrùn ṣe wọ̀, wọ́n dá eré dúró díẹ̀ kí Wesley Fofana àti Cheikhou Kouyaté lè ṣínu. Ọ̀kan wà ní ẹgbẹ́ kìíní, èkejì wà ní ẹgbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà, eré ń bá a lọ. Bí wọ́n bá lè dá líìgì tí gbogbo ayé ń wò dúró, a ó ha ní ìpàdé wa kò ṣeé dá dúró?

Ohun kan tún wà tó gba ọgbọ́n. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀, pé kí wọ́n san ààwẹ̀ wọn padà lọ́jọ́ mìíràn. Àyè wà fún aláboyún àti abiyamọ, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í sì í gbà á. Nítorí náà, bí o bá rí ẹlẹgbẹ́ rẹ tó mu omi lọ́sàn-án, má bi í léèrè, má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ kọ́ lo ń ṣírò ààwẹ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo inú ilé ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́fà, oúnjẹ á dé. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ á jókòó máa wo àwo. Bó bá dìde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kó lè bá ìṣínu nílé, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó ìtanràn. Owó náà lè kéré, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún un kò kéré. Ó ń sọ fún un pé ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹgbẹ́. Ẹni tí a bá sọ irú rẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní wá mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé aládùúgbò wa. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Òde ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé lọ́kùnrin lóbìnrin, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, ló ń tò kọjá níwájú ààfin. Àyè tí ọba kan fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ló di ọ̀ṣọ́ gbogbo ìlú.

Àbá mẹ́ta ni mo fi síwájú ẹgbẹ́. Èkínní, nínú oṣù ààwẹ̀, kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, kó sì parí kó tó di aago márùn-ún. Kí a má sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó lọ kírun. Èkejì, kí owó oúnjẹ ìpàdé oṣù náà di ìṣínu kan ṣoṣo fún aláìní ìlú wa, ti ẹ̀sìn yòówù kó jẹ́. Kí àwọn Mùsùlùmí àárín wa darí rẹ̀, kí a má gbé àwòrán olóṣèlú kọ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wàásù fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Òṣùpá ni ààwẹ̀ ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀, Lẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Ní 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Ní 2031, àárín oṣù Kejìlá ni, tí Kérésì yóò bọ́ sínú rẹ̀. Oṣù Kejìlá kan náà ni àwọn ọmọ wa láti Èkó àti òkè òkun ń wálé, tí a ń ṣe àríyá ìparí ọdún. Bí a kò bá jókòó ṣètò rẹ̀ láti ìsinsìnyí, apá kan ẹgbẹ́ ni yóò máa jó nígbà tí apá kejì bá jókòó sílé. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ jẹ́ ká ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ẹ má fi ààwẹ̀ bo ọ̀lẹ tàbí ìbínú mọ́lẹ̀. Ẹ tètè sọ àyè tí ẹ ń fẹ́, kó má di ìgbà tí inú bá ti bí yín tán. Bí Lẹ́ńtì bá dé, ẹ rántí pé ebi ń pa ẹlòmíràn náà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí láti ṣe ogún ọdún, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má dínkù.