Ogun Lé Wọn Lọ, Ilé Kò Gbà Wọ́n: Ọ̀rọ̀ Àwọn Àgọ́ Kabul

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ogun lé kúrò nílé, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń retí pé Ìpínlẹ̀ Borno ni n ó mẹ́nu bà. Kabul, olú-ìlú Afghanistan, ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ hàn kedere níbẹ̀. Ìyà tó wà nínú àgọ́ ogunléndé, ogun nìkan kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìpinnu àwọn aláṣẹ pé àgọ́ náà kò gbọdọ̀ di ilé ẹnikẹ́ni ló ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Soviet wọ Afghanistan ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí Pakistan àti Iran. Nígbà tó máa fi di ọdún 1990, wọ́n ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 6. Ìjọba Taliban àkọ́kọ́ ṣubú, nígbà tó sì di ọdún 2002, àwọn tó padà láàárín ọdún kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n padà sí? Ọkùnrin tó kó aya àtọmọ dé láti Peshawar ní Pakistan, ó lè jẹ́ pé Peshawar ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí. Lẹ́nu bàbá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Laghman tàbí Nangarhar. Oko tó wà níbẹ̀, àwọn tí kò sá lọ ti ń dá a láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ ìlú ńlá lòun mọ̀: ríru bíríkì, títi ọmọlanke, títa ẹ̀fọ́. Kabul náà ló máa forí lé. Níbẹ̀ ló ti máa bá àwọn tí ogun lé wá láti Helmand, pàápàá láti agbègbè Sangin, tí wọ́n ti tẹ̀dó sí àgọ́ Charahi Qambar ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà.

Àwa Yorùbá mọ díẹ̀ nínú èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà sì kó ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi dé. Bí yàrá tilẹ̀ há, agboolé wà tó gbà wọ́n. Ẹni tó dé Kabul kò ní agboolé kankan níbẹ̀.

Kabul ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 1,800 mítà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Òjò dídì á máa bọ́, omi inú kẹ́ẹ̀gì á dì gbagidi. Nínú irú òtútù yìí, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́fà lè máa gbé yàrá kan tí bàbá fi amọ̀ mọ fúnra rẹ̀, tó fi igi wẹ́wẹ́ àti tapólì bò lórí. Ẹ má fi ti ògiri ṣe: amọ̀ ni àwọn ará Afghanistan fi ń kọ́lé láti ayébáyé, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Òrùlé ni wàhálà. Tapólì kì í gba ìwúwo òjò dídì, bí oòrùn bá sì yọ́ ọ, omi á ya wọlé, ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí á di ẹrẹ̀. Nínú ilé ẹni tó rọ́wọ́ mú, sandali ni wọ́n fi ń yára: tábìlì kúkúrú, ẹyin iná lábẹ́ rẹ̀, kúbùsù ńlá lórí rẹ̀, gbogbo ilé á na ẹsẹ̀ sábẹ́ kúbùsù. Ẹni tí kò rówó èédú nínú àgọ́ á máa fi páálí, ọ̀rá, àkísà àti bàtà tó ti gbó dáná, èéfín rẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ á sì máa fà símú mọ́jú.

Láàárín oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 2012, àwọn ọmọdé tí òtútù pa nínú àwọn àgọ́ Kabul lé ní 20. Ẹ gbọ́ o: inú olú-ìlú ni, kì í ṣe abúlé orí òkè tí ọkọ̀ kò dé. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí owó ìrànwọ́ ti ń ya wọ ìlú yẹn.

Ìgbà òtútù yìí gan-an ni iṣẹ́ ń dá. Àwọn ọkùnrin á jí lọ dúró sí oríta kí ẹni tó fẹ́ lébìrà wá mú wọn, ṣùgbọ́n ta ló ń po sìmẹ́ǹtì nígbà tí omi ti dì? Oúnjẹ kò ju búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti tíì lọ, gbèsè ọlọ́jà á máa ga sí i, àwọn ọmọkùnrin á lọ ṣa páálí àti agolo láàtàn.

Kí ló wá dé tí kò sí kànga nínú àwọn àgọ́ náà? Àjọ Amnesty International tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2012 tó fi hàn pé àwọn aláṣẹ ń dí àwọn aláàánú lọ́wọ́ kí wọ́n má baà ṣe ohun tó lè pẹ́, irú bíi gbígbẹ́ kànga, nítorí wọn kò fẹ́ kí àgọ́ dà bí ibùgbé. Ohun tó máa gbó nìkan ni wọ́n gbà láyè: kúbùsù, tapólì, àpò ìyẹ̀fun. Tapólì á ya, wọ́n á tún kó òmíràn wá. Wọn kò lé àwọn èèyàn náà tán, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ọlọ́pàá wó ilé àwọn tálákà ní Sherpur, láàárín Kabul níbẹ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà fún àwọn mínísítà àti àwọn alágbára. Lọ́dún 2005, òfin 104 tí Ààrẹ Hamid Karzai gbé jáde ní kí wọ́n fún àwọn tó padà dé nílẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ tí ìdílé wọn ti ṣẹ̀ ni kí wọ́n ti gbà á. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Kabul, Laghman ni wọ́n fẹ́ fún un nílẹ̀! Ọsirélíà fowó kọ́ ìletò Alice Ghan sí ìhà àríwá Kabul. Ilé gidi ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò tó, iṣẹ́ kò sí nítòsí, ọ̀pọ̀ ilé sì wà lófìfo nígbà tí àgọ́ àárín ìlú kún. Lójú tèmi, ẹni tó bá sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ tapólì kò ya òmùgọ̀.

Ti àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Ibi tí kò ti sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bò, òru ni wọ́n ń retí. Nígbà tí ìjọba Taliban tó ti padà gorí àlééfà fòfin de àwọn obìnrin láti má ṣiṣẹ́ fún àwọn àjọ aláàánú ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó di ìṣòro kí opó tí kò lè bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀ tó ríni fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò sì lè kọjá ìwé mẹ́fà.

Mo mọ ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde bí mo bá jókòó, nítorí kò sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ yìí tí wọn kì í bi mí: bí a bá fún wọn ní kànga àti ìwé ilẹ̀, ṣé àwọn mìíràn kò ní rọ́ wá? Ẹ wo ọdún 2023. Ní oṣù Kẹwàá, Pakistan ní kí ẹnikẹ́ni tí kò níwèé kúrò kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, èrò sì kún ẹnubodè Torkham bámúbámú. Lọ́dún 2025, àwọn tí Iran dá padà ju mílíọ̀nù kan lọ. Láàárín ọdún méjèèjì yẹn, lọ́dún 2024, ìjọba Taliban ń wó àwọn àgọ́ kan ní Kabul. Kò sí ẹ̀rọ omi tuntun tó pe àwọn èèyàn wọ̀nyí wá. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti ń lé wọn bọ̀, wọn ì bá sì dé náà bí gbogbo kànga Kabul bá tilẹ̀ gbẹ.