Ọ̀pá Pèrègún Tó Dúró Sójú Kan

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ẹ̀ka igi tí a gé gbìn sínú ìkòkò, tó rúwé dáadáa, tó wá dúró sójú kan. Ẹlòmíràn á ní kí ló kan àgbẹ̀ nínú òdòdó inú ilé. Ó kàn wá. Ní Èkó lónìí, iṣẹ́ ajé ni igi inú ìkòkò. Àwọn tó ń gbìn ín tà wà lẹ́bàá títì káàkiri, àwọn ọ́fíìsì Marina sì ń rà á sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé kékeré lọ lè ṣe é. Pèrègún tí àwọn bàbá wa fi ń pààlà oko, òun náà ni àwọn òyìnbó ń gbìn sínú pálọ̀ wọn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti mú un. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì gbin òdòdó, ẹ má lọ: ohun tí mo fẹ́ sọ kan igi ẹ̀gẹ́ yín náà.

Ní ọdún 2022, ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ó fi ra ìkòkò oníke àti ọ̀pá pèrègún 60. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn ti yọ ewé. Inú ìyá dùn, ó ti ń ka èrè. Ìgbà tó di oṣù kẹta, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò wọ́n. Ewé tó kọ́kọ́ yọ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ sì ti ń béèrè owó wọn."

Ojú ń kán mi lọ́jọ́ náà. Mo wo ewé, n kò wo ìdí. Mo ní ebi ló ń pa igi, kí ìyá fún un ní ajílẹ̀ inú àpò. Ìyá fi sí 20 lára wọn. Kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, 14 ti kú. Ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó ní kí àgbẹ̀ ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ba wo ìdí nǹkan ọ̀hún.

Nígbà tí mo padà lọ, mo fa ọ̀pá kan. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Kò ní gbòǹgbò kankan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pá tí a gé ní oúnjẹ díẹ̀ nípamọ́ sínú ara rẹ̀. Oúnjẹ yẹn ló fi ń yọ ewé àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ewé fi lè yọ kí gbòǹgbò tó yọ. Bí oúnjẹ náà bá ń tán lọ, tí gbòǹgbò kò tíì sí, igi á dúró. Híhù kì í ṣe mímú. Bí a bá wá da ajílẹ̀ sí ìdí igi tí kò ní gbòǹgbò, iyọ̀ inú ajílẹ̀ á máa fa omi kúrò lára igi, á sì gbẹ.

Kí ni kò jẹ́ kí ti ìyá yìí ní gbòǹgbò? Nǹkan mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, ìkòkò jókòó sínú abọ́ olómi, ìdí ọ̀pá kò rí afẹ́fẹ́ gbà. Èkejì, etí ọ̀sà ni wọ́n ti kó yanrìn rẹ̀, wọn kò sì fi omi ṣàn án. Ẹ̀kẹta, omi kànga ló fi ń wọ́n ọn. Ẹ rántí pé erékùṣù ni ìlú yẹn, ọ̀sà yí i ká, omi kànga ibẹ̀ púpọ̀ ló ní iyọ̀. Bí ọṣẹ kò bá hó dáadáa nínú omi yín, tàbí tí ẹ rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ ojú ilẹ̀ ìkòkò, ẹ fura.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe.

1. Ẹ rọra fa ọ̀pá wò. Bí kò bá fẹ́ tu, ó ti ní gbòǹgbò, ẹ má fi agbára fà á. Bí ó bá tu, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ó bá funfun tó sì le, ó dára. Bí ó bá dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, ó ti jẹrà.

2. Bí ó bá ti jẹrà, ẹ fi ọ̀bẹ mímú tí ẹ ti fọ̀ gé e lọ sókè títí ẹ ó fi kan ibi tó mọ́. Ẹ gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ojú ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn. Èyí tó ti rọ̀ dókè, ẹ jù ú nù.

3. Ẹ lo ilẹ̀ tuntun: agolo yanrìn odò méjì sí agolo ilẹ̀dú kan. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan yanrìn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkòkò gbọ́dọ̀ lu nídìí.

4. Orí ni kó kọjú sókè. Ọ̀pá tí a dorí rẹ̀ kodò kò ní ṣe dáadáa. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ gé ìdí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ gé orí rẹ̀ gbọọrọ. Ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Ẹ ri oríkèé kan tàbí méjì mọ́lẹ̀.

5. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú oòrùn gangan. Ọ̀nà àárín ilé tó ṣókùnkùn á dá a dúró. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó kí ó má bàa gbẹ.

6. Omi òjò ló dára jù. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ má bomi rin ín.

7. Ẹ ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ìgbà tí gbòǹgbò bá mú, tí ewé tuntun sì yọ, ni kí ẹ tó fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, díẹ̀ ni o.

Àmọ́ bí ẹ bá yọ igi, tí ẹ rí i pé gbòǹgbò ti yí inú ìkòkò ká bí òṣùká, àyè ló há a. Ẹ gbé e sínú ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú 46 tó kù lọ́wọ́ ìyá wa, 11 ti jẹrà kọjá àtúnṣe. A gba 35 là. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ bu owó ìtanràn lé e nítorí pé ó pẹ́ san gbèsè, mo lọ sí ìpàdé wọn, mo dìde, mo ní ìmọ̀ràn tèmi ló dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n fojú fo ìtanràn náà. Ìyá ta pèrègún, ó san owó ẹgbẹ́ tán. Kò sí èrè lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè, ó sì tún ń gbìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí igi bá dúró, ẹ má sáré wá oúnjẹ fún un. Ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó dìgbà kan ná. Ire o.