Àlejò Tí Ó Borí Nílé

Bí ó bá ya àwọn kan lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa rédíò. Kì í tilẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ní pápá Ahmadu Bello. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí àwọn géńdé márùn-ún-márùn-ún máa ń fi ọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀ tí a so kọ́ sókè.

Ọ̀sẹ̀ kan wà ní oṣù kẹfà ọdún 1994 tí àwa tí a wà ní ìlú yìí kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Bulgaria, ó sì di góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Agogo méjìlá òru ti kọjá níhìn-ín. Ẹ rántí bí ọkùnrin náà ti di àwọ̀n mú, tí ó ń ké. Ọmọ Kaduna ni. Ìhín ni a bí i sí ní 1963, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orísun rẹ̀. Ẹgbẹ́ UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó wà ní Kakuri, ni ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Ní òru ọjọ́ náà Hausa jáde, Ìgbò jáde, Yorùbá jáde, gbogbo wa ń pariwo "ọmọ wa" ní òpópónà kan náà.

Ní òru kejì, ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, ọmọ Yorùbá mìíràn wọ pápá ní ìlú Houston: Hakeem Olajuwon. Àwa kò rí ayò yẹn ní òru náà. Ọmọ ìjọ wa kan ni ó mú fídíò rẹ̀ bọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ọdún kejì, a sì jókòó pọ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ, tàgbà tèwe, a wò ó.

Èkó ni a ti bí Hakeem, ní 1963 bákan náà. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980 ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Houston, kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Yunifásítì ìlú náà lè wo bí ó ti ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tí ó wá pàdé òun ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí òun tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí òun wọ takisí máa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ rí ní ìdíkọ̀ Kawo pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí ẹ ń wo ojú èrò títí tí ẹ kò rí ẹni tí ó mọ̀ yín, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń rí.

Ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ní 1984. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe làálàá fún wọn láìgba ife. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, ẹgbẹ́ Phoenix wá nà wọ́n nílé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra; nínú ayò kejì wọ́n ti fi àmì 20 ṣáájú kí ó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn ìlú náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó pe Houston ní ìlú tí òkèlè ń há lọ́fun. Síbẹ̀ wọ́n dìde, wọ́n borí Phoenix, wọ́n sì dé àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Knicks ti New York. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gbé ife. New York ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, Houston lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n padà sí Houston.

Ayò kẹfà, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, ni ó mú kí àwọn èèyàn dìde lórí àga ní gbọ̀ngàn wa. Houston ní àmì 86, New York 84. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó kù. John Starks, tí gbogbo ohun tí ó ń jù ti ń wọlé ní ìdá tí ó kẹ́yìn, fò sókè láti ọ̀nà jíjìn. Bí èyí bá wọlé, àmì mẹ́ta ni, ife sì ti di ti New York. Hakeem fi ẹni tí ó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde, ó na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà. Ìwọ̀nba ìka yẹn ni ó dá ife dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayò keje. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe ayò tí ó dùn ún wò. Nínú ayò méjèèje kò sí ẹgbẹ́ tí ó rí àmì 100 rí, ìjàkadì ni. Starks ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó wọlé. Mọ́kànlá tí ó jù láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan kò wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ wa rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ife ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí àwọn méjì bá kó Hakeem láàrin, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn. Vernon Maxwell jẹ àmì 21. Ọmọdé inú wọn, Sam Cassell, jẹ 13. Hakeem jẹ 25. Nígbà tí fèrè dún, Houston 90, New York 84. (Ilé ńlá tí wọ́n ti gbá a, The Summit, ti di ilé ìsìn láti 2005. Ìjọ Lakewood ni ó ń jọ́sìn níbẹ̀. A mọ̀ pé inú àwọn akọrin wa yóò dùn láti gbọ́ ọ.)

Ẹ wo ẹni tí ó dojú kọ Hakeem ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn: Patrick Ewing, tí a bí ní Kingston ní Jamaica. Àlejò ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ń jà fún New York, ọ̀kan ń jà fún Houston. Hakeem kò yí orúkọ baba rẹ̀ padà, kò sì fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ní February 1995, nígbà ààwẹ̀ Ramadan, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní oṣù náà. Ìlú náà kò ní kí ó di ẹlòmíràn kí wọ́n tó kó ayọ̀ wọn lé e lórí.

Ilẹ̀ ọjọ́ 23 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ní Nàìjíríà nígbà tí ayò náà parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba ológun mú Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ẹni tí Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù rí fún ẹgbẹ́ rẹ̀, Abiola Babes. Àwa tí a pariwo "ọmọ wa" ní òpópónà ní òru ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Wòlíì Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì. Kò ní kí wọ́n gbé ẹrù sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Àwa kò ní tàn yín pé ó rọrùn. Nínú rògbòdìyàn ọdún 2000 a sìnkú ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ sì kó kọjá sí òdìkejì odò. Ẹni tí ó lọ, àwa kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó dùn wá ni ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún níhìn-ín tí kò mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ní 1988 tí Ranchers Bees ti Kaduna dé àṣekágbá ìdíje Cup Winners ilẹ̀ Áfíríkà, a mọ àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n jókòó sílé, tí wọ́n ń yí rédíò kiri, tí wọ́n ń wá ìròyìn Shooting Stars!

Nígbà tí fídíò yẹn parí, tí àwọn ará Houston ń pariwo, tí wọn kò tilẹ̀ lè pe orúkọ ọmọ náà bí ó ti yẹ, ìyá àgbà kan tí ó jókòó ní iwájú yíjú sí wa.

"Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹbí rẹ̀ nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

A wá èsì tì. Ọkọ rẹ̀ ni ó dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Gbogbo wọn ni, Ìyá Sunday. Ṣé o kò gbọ́ igbe wọn ni?"