Ìdúró Ọkọ̀ Lọ́fẹ̀ẹ́ àti Àwọn Ìsọ̀ Àárín Ìlú Èjìgbò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ agbègbè Èjìgbò sọ)

Ọ̀rọ̀ ọjà ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ìlú tí ọjà rẹ̀ bá kú, kò ní pẹ́ dahoro.

Gbogbo wa mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, iwájú ààfin ni àwọn baba wa máa ń tẹ ọjà sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà ni àwọn onísọ̀ kéékèèké wà: ẹni tí ń ta àdá àti ọkọ́, ẹni tí ń ta aṣọ, ẹni tí ń ta iyọ̀ àti epo. Nígbà tí a ń fẹsẹ̀ rìn, kò sí ẹni tí ń ronú ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí. Lónìí, mọ́tò àti ọ̀kadà ni ó ń kó iṣu, gbágùúdá àti àgbàdo wọ Èjìgbò láti Ìfẹ́-Ọ̀dàn, Ọ̀lá, Ìlawó àti Ìsùndúnrìn. Mọ́tò kan náà ni ó ń gba Lomé àti Kútọnu kó àwọn ọmọ wa bọ̀ láti Àbíjàn, pẹ̀lú owó tí wọn yóò ná nílé. Ẹni tí kò bá rí ibi dúró, kò lè nájà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbé iṣu wá, tí ó sanwó ní ibùdókọ̀, tí ó tún sanwó lẹ́nu ọjà, tí ẹlòmíràn sì tún já tíkẹ́ẹ̀tì fún un nígbà tí ó dúró síwájú ìsọ̀ láti ra àdá kan, owó mẹ́ta ni ó san lórí ẹrù kan. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní wọ ìlú mọ́. Oko ni yóò dúró sí de alájàpá, alájàpá yóò sì rà á ní owó pọ́ọ́kú, nítorí òun náà ti yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú iye tí yóò san. Àgbẹ̀ pàdánù èrè, aládàá pàdánù oníbàárà, ìjọba ìbílẹ̀ sì pàdánù owó ìsọ̀ nígbà tí ìsọ̀ bá tì pa. Ta ni ó wá jèrè?

Òfin kò ṣókùnkùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀ àti àkóso ìsọ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Òfin tí a ṣe ní 1998 to àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ka dídí ọ̀nà láti gbowó léèwọ̀. Ní Àbújá, nígbà tí wọ́n ń gba owó ìdúró ọkọ̀ lójú títì, ilé-ẹjọ́ gíga dá a dúró ní 2014, nítorí pé kò sí òfin tí ó tì í lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ìdúró ọ̀fẹ́ láìsí ètò kò lè gba ọjà là. Bí onísọ̀ bá gbé mọ́tò tirẹ̀ síwájú ìsọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí àwọn ọlọ́kadà sì gba ìyókù, oníbàárà kò ní rí àyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú a máa dá owó ìdúró ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Kérésìmesì, kí àwọn onísọ̀ kéékèèké lè rí ọjà tà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkínní, kí ẹni tí ó wá nájà máa dúró lọ́fẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan. Èkejì, kí àwọn onísọ̀ gbé ọkọ̀ wọn sẹ́yìn, kí ọkọ̀ èrò sì wà ní ibùdókọ̀. Ẹ̀kẹta, kí owó ẹrù àgbẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lóòjọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, kí a sì kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sẹ́nu ọjà. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Kò yẹ kí iṣu àgbẹ̀ tún jẹ́ àpò owó wọn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn káńsẹ́lọ̀ yín kí ìsọ̀ tó kù tó tì. Ọjà wa kò ní tú o.