Sítátà Tí Kò Lágbára Mọ́ Lára Ògbólógbòó Katakata

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní agbègbè Ìlọ́rà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, àyè kò sí fún àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin àgbàdo láti máa fi ọjọ́ falẹ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀, ó tó tú. Bí ó bá jẹ́ pé katakata ni yóò fi tú u, a jẹ́ pé ìrètí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Sítátà ni ẹ̀rọ náà ń jẹ́. Àwọn awakọ̀ a sì tún máa pè é ní kíìkì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń wí yìí, bàbá àgbẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì bí arúgbó tí ń gun òkè, ó sì dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní réwáyà. Ó fi sípánà kan sítátà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: "Bàbá, sítátà yín ti kú. Òmíràn ni kí ẹ rà."

Ẹ̀yin olùwòran wa, gbólóhùn yẹn ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí. Nínú ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà ń lò fún irú ẹ̀rọ báyìí: ó ti kú, ó ti jóná, ó ti wíìkì. Méjì àkọ́kọ́ ti parí ẹjọ́. Òkú kò ní ìwòsàn. Ìkẹta nìkan ni ó ń béèrè pé kí ni ó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, sítátà tí wọ́n ní ó ti kú kò kú rárá, ebi iná ni ó ń pa á.

Ìlọ́rà wà lára àwọn ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un dá ibùdó àgbẹ̀ sí láti nǹkan bí 1959, katakata kì í sì í ṣe àjèjì ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ààbọ̀ ọ̀rúndún ni Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964. Ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta tí ń lo dísù ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ dísù yìí ṣe pàtàkì. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná sí epo; ti dísù kò ní. Ooru nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Písítìn a fún afẹ́fẹ́ inú sílíńdà pọ̀ títí yóò fi kéré ju ìdá kan nínú 16 lọ. Ìfúnpọ̀ yìí a mú kí afẹ́fẹ́ náà gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, epo tí ẹ̀rọ bá sì fín sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ náà gbọ́dọ̀ yá. Bí ó bá falẹ̀, ooru yóò wọ ara irin lọ, afẹ́fẹ́ yóò sì máa yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn. Nítorí náà, sítátà tí ń yí ẹ́ńjìnnì dísù jẹ́jẹ́ kò sàn púpọ̀ ju èyí tí kò yí i rárá lọ.

Kí a tó ní sítátà oníná, irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà, ó lè kán ènìyàn lápá. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe sítátà oníná fún ọkọ̀ Cadillac ní 1911, tí wọ́n sì fi sára àwọn ọkọ̀ náà fún 1912. Àwọn àgbà tí wọ ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kò ní ṣàì rántí ọmọ-ọkọ̀ tí ń làágùn nídìí irin bẹ́ẹ̀ ní ìdájí.

Kí ni ebi iná tí a wí? Fìtílà iwájú katakata méjèèjì kì í sábà gbà ju áńpíà 10 lọ. Sítátà lè gba 200, ó sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì lè kọ ìṣirò kékeré kan sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: bí ìpẹtà orí bátìrì bá dí iná lọ́nà ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 100 òómù péré, áńpíà 200 tí ń gba ibẹ̀ kọjá yóò sọ fóòtì 2 nù lójú ọ̀nà. Áńpíà 10 ti fìtílà kò ní sọ ju ìdá kan nínú 10 fóòtì nù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí fìtílà fi ń tàn yanran tí sítátà kò sì lè gbéra. Ẹni tí ó bá rí iná fìtílà yìí yóò búra pé kò sí ohun tí ó ṣe bátìrì àti wáyà, yóò sì di ẹ̀bi ru sítátà.

Orí bátìrì ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn lójú mítà. Bí kò bá ju 12 lọ, kí a lọ fi iná sí i kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan jókòó sórí àga awakọ̀ kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnìkejì máa wo mítà. Bí bátìrì bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bóyá bátìrì ti gbó, bóyá sítátà ń fa iná ju bí ó ti yẹ. Bí bátìrì bá dúró ṣinṣin tí sítátà sì ń falẹ̀, ojú ọ̀nà ni olè wà. Kí a fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí bátìrì gan-an, kí a fi èkejì sí ibi tí wáyà ti wọ sítátà, kí a sì tún yí kọ́kọ́rọ́. Ohunkóhun tí mítà bá kà ju ìdajì fóòtì lọ, iná tí ó sọnù lójú ọ̀nà ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà iná kì í ṣe àlọ nìkan. Àbọ̀ wà níbẹ̀. Iná tí ó bá ti sítátà jáde gba ara irin katakata àti wáyà kan padà sórí bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ réwáyà kì í yẹ̀ wò. Bí a bá fi ẹsẹ̀ mítà kan sára sítátà, tí a fi èkejì sórí bátìrì tí a so mọ́ ara irin, àṣírí lè tú. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú díwọ̀n èwo ni èwo: lára àwọn Ferguson àtijọ́, orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin.) Ní ti bàbá àgbẹ̀ wa, ọ̀nà àbọ̀ ni wọ́n ti bá a. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun katakata náà ní ọdún tí ó kọjá kí ó lè wu ojú, wọ́n sì ti so wáyà náà padà lórí ọ̀dà. Wọ́n tú u, wọ́n ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán, wọ́n dè é le, wọ́n sì fi girísì bò ó kí ìpẹtà má baà padà. Owó sítátà tuntun bọ́ sápò bàbá.

Bí gbogbo ọ̀nà bá mọ́ tí agbára kò sì dé, nígbà náà ni kí a tó tú sítátà sílẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tú wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara irin. Òun náà ni a ó dá padà kẹ́yìn. Nínú sítátà, kí a wo kábọ̀n bóyá ó ti jẹ tán, tàbí bóyá eruku ti há a mọ́ inú ilé rẹ̀. Ojú bàbà tí kábọ̀n ń rìn lé lórí lè ti dúdú. Pépà oníyanrìn kíkúnná ni a fi ń nù ún, kì í ṣe irú èyí tí a fi ń họ irin, nítorí ẹ̀rún rẹ̀ lè há sáàárín bàbà. Èyí tí wọ́n sábà ń gbójú fò ni búùṣì, òrùka kékeré tí irin ayípo ń yí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ, irin ayípo yóò wọ́ sílẹ̀, yóò máa ha ara irin tí ó yí i ká, agbára tí ó yẹ kí ó fi yí ẹ́ńjìnnì yóò sì di ìjàkadì láàárín ilé. A ó rí ojú ibi tí ó ti ha tí ń dán. Búùṣì tuntun gbọ́dọ̀ sùn nínú òróró ẹ́ńjìnnì mọ́jú kí ó tó wọlé.

Àṣà kan kù tí ó yẹ kí a bẹnu àtẹ́ lù. Bí sítátà bá ń ṣe ségesège, àwọn mìíràn a dúró sílẹ̀ níwájú táyà ńlá ẹ̀yìn, wọn a fi sípánà so irin méjì orí sítátà pọ̀. Wọ́n ti fo ìdènà tí kì í jẹ́ kí sítátà ṣiṣẹ́ bí jíà bá wọlé. Bí jíà bá sì wọlé lọ́jọ́ náà, katakata yóò gbéra, táyà yóò sì gun ẹni tí ó dúró síwájú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ikú yìí ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara katakata lẹ́bàá sítátà. Kí réwáyà gòkè lọ sórí àga, kí ó yọ jíà, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́.