Ìlẹ̀kùn tí Ibà Lassa ń Gbà Wọ Ara



Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà rí. Inú sẹ́ẹ̀lì ohun alààyè nìkan ló ti lè bí sí i. Kí ó tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ rí ohun kan dìmú lójú sẹ́ẹ̀lì, tí ìrísí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa, ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Ní 1998, àwọn onímọ̀ rí ohun tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dìmú: pùròtéènì kan tí ń jẹ́ dystroglycan. Ṣúgà tí a sín gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lára. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Weizmann Institute ní Israel yàwòrán bí wọ́n ṣe ń so mọ́ra. Ẹ̀ka mẹ́ta tó jọra ló para pọ̀ di ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì náà; ní ṣóńṣó rẹ̀, níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ni okùn ṣúgà náà ń há sí.

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ ò ṣe yọ ìlẹ̀kùn náà kúrò?" Kò ṣe é yọ. Okùn ṣúgà yẹn ló ń di sẹ́ẹ̀lì iṣan wa mú ní àyè rẹ̀. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní LARGE ló ń sín in. Ọmọ tí jíìnì yìí bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ń ní àìlera iṣan láti kékeré. Ẹnu ọ̀nà tí onílé ń gbà náà ni olè ń gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 2007, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wò. Wọ́n rí i pé oríṣi LARGE kan ti gbilẹ̀ láàárín wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n rò pé ibà Lassa lè ti bá àwọn baba ńlá wa jà láti ayébáyé, kí àwọn tó yè é sì ti fi oríṣi yìí sílẹ̀ fún ọmọ. Àbá ni o, kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e. Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, síbẹ̀ agbègbè wọn wà lára ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Nàìjíríà.

Bí ìlẹ̀kùn inú ara kò bá ṣe é tì, ẹ jẹ́ kí a ti ti ilé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà wá. Ẹ fi gààrí sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má sá oúnjẹ sí ẹ̀bá títì. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn. Bí ibà kò bá sì lọ lẹ́yìn oògùn ibà ẹ̀fọn, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, torí ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń gbani.