Ibi Tí Ẹsẹ̀ Èrò Kọjú Sí: Ìsọ̀ àti Ilé Gbígbé ní Ọ̀jọ́, Ìbá àti Okokomáíkò

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé ibi tí ẹsẹ̀ èrò bá kọjú sí ni ìsọ̀ ń kọjú sí, ibi tí ìsọ̀ bá sì kọjú sí ni ilé ń bá a kọjú sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá yí ọ̀nà padà, ó ti yí ilé àti oúnjẹ ẹlòmíràn padà, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀.

Nígbà àwọn baba wa, omi ni títì Ọ̀jọ́, ìlú wa ní ẹkùn Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹja, àgbọn àti gaàrí lọ sí Èkó, òun náà ló sì ń kó aṣọ àti iyọ̀ bọ̀. Nítorí náà etí ọ̀sà ni ọjà wà, àwọn agbo ilé alámọ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí igbó, wọ́n kọjú sí èbúté. Títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo ẹkùn Àgbádárìgì wà, Ìbàdàn, olú-ìlú rẹ̀, sì jìnnà sí wa.

Àwọn ọdún 1970 ló gba ojú Ọ̀jọ́ kúrò lára omi. A la títì ńlá láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, èyí tó kọjá sí Sẹ̀mẹ̀, tó sì gba Kútọnu lọ sí Lọ́mẹ. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ìjàpá létí títì náà. Ní ọdún 1977 ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé wáyé nínú gbàgede tí àwọn ayàwòrán-ilé láti Yugoslavia yà. Bárékè àwọn ológun sì ń fẹ̀ sí i, òun pẹ̀lú ọjà mámì rẹ̀. Gbogbo àwọn tí iṣẹ́ wọ̀nyí kó wá ni wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí.

Bí ilé ojúkojú ṣe gbòde nìyẹn, n ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí àwọn kan ń fojú ẹ̀gàn wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la àárín rẹ̀ kọjá, yàrá ń wo yàrá lọ́tùn-ún lósì, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Owó tí onílé rí nínú kòkó tàbí nínú ẹja ni ó fi mọ ọ́n, búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lónìí, ogún lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú, èyí tó kọjú sí títì, ni kí ẹ fi ojú sí. Ìyàwó òṣìṣẹ́ tó gba yàrá náà fún sísùn yóò kọ́kọ́ gbé tábìlì kékeré sí abẹ́ fèrèsé, yóò to ìṣáná àti ṣúgà lé e. Nígbà tó bá yá, yóò gbé kẹrosíìnì kún un. Kí ọdún ó tó yípo, ọkọ ti bá onílé sọ ọ́, fèrèsé ti di ilẹ̀kùn, yàrá ti di ṣọ́ọ̀bù, tọkọtaya sì ti gba yàrá mìíràn lẹ́yìn. Kò sí ìjọba kankan tó yàwòrán èyí fún wọn.

Nígbà tí Gómìnà Lateef Jakande, ẹni tó ṣe gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983, kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbá, fún gbígbé ni a kọ́ wọn, àmọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ tún ṣe bí ará ilé ojúkojú ti ṣe. Ọdún 1983 yẹn náà ni Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Nítorí pé ìta ọgbà ni ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, àwọn onílé ní Ìyànà-Ìbá, PPL àti Okokomáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Ìsọ̀ tẹ̀lé wọn: onífọ́tòkọ́pì, olùtẹ̀wé, lẹ́yìn ọdún 2001 alágbòòrùn tí ń ta ìpè fóònù, àti ní báyìí onípíọ́ọ̀sì.

Àgbà ní jẹ́jẹ́ ni onílẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, gìrìgìrì ni àjèjì ń tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ ní Alaba, nínú Ọ̀jọ́ kan náà, gìrìgìrì àwọn oníṣòwò, tí ọmọ Ìgbò pọ̀ jù nínú wọn, ló sọ ilẹ̀ àbàtà di ọjà rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀. Volkswagen ní tirẹ̀ kógbá wọlé láàárín àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Nísinsìnyí, ojú tún fẹ́ yí. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti ń fẹ títì náà di ọ̀nà mẹ́wàá, tí a sì ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin sí àárín rẹ̀, kìlómítà 27 láti Marina dé Okokomáíkò. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ṣùgbọ́n Mile 2 ló dé. Nítorí títì tí a ń fẹ̀ yìí, a wó ìsọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, a gé àwọn ilé kan sí méjì, yàrá àárín wá di yàrá iwájú, ẹlòmíràn sì ti ń tajà níbẹ̀.

Wọ́n a ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. N kò kọ ẹwà, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin dé Okokomáíkò. Ohun tó ń dùn mí ni pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí a fi ń san owó gbà-máà-bínú, mọ iye búlọ́ọ̀kù, ó mọ iye páànù, ó mọ iye igi àgbọn, ṣùgbọ́n kò mọ iye oníbàárà tí obìnrin kan fi ogún ọdún kó jọ lójú fèrèsé. Onílé tó ní ìwé lè rí nǹkan gbà. Ayálégbé tó ń tajà kì í sábà rí nǹkan kan, alátẹ ata létí títì kò sì sí nínú ìwé rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sọ ilẹ̀ náà di olówó iyebíye tí ìjọba fi rí i pé ó tó ohun à ń la ọ̀nà sí.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ìjọba agbègbè Ìbá, kí iṣẹ́ tó kù láti Mile 2 dé Okokomáíkò tó parí: ẹ rán akọ̀wé sí etí títì láti Volkswagen lọ, kí wọ́n kọ orúkọ olúkúlùkù tó ń tajà níbẹ̀, àti ti alátẹ, kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ ọ́, kí ìsọ̀ tí a bá kọ́ sí ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin sì kọ́kọ́ kàn wọ́n, ní iye tí wọ́n lè san, kí a tó ké sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan.